Ìbéèrè nípa ọkọ̀ RV àti ihò Kartchner Caverns

Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Nínú oṣù kọkànlá, a fẹ́ háyà ọkọ̀ RV (ọkọ̀ ńlá tí èèyàn lè sùn sínú rẹ̀), kí a gbé màmá mi àti ọmọ wa ọlọ́dún 5 lọ sí Kartchner Caverns, ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ Arizona nítòsí Benson. Níwọ̀n bí wọn kì í ti í jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7 wọ Big Room, yàrá ńlá kan nínú ihò náà tí wọ́n máa ń tì nígbà ooru nítorí àwọn àdán tó ń bímọ níbẹ̀, Rotunda/Throne, apá mìíràn nínú ihò náà, nìkan ni gbogbo wa lè jọ wọ̀. Orúnkún màmá ló ń kọ mí lóminú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn fúnra wọn kò gbà pé ó ń dùn wọ́n: ṣé ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn lè gun ọ̀nà inú ihò òkúta ẹfun náà láìsí ìnira? Ẹ tún bá mi sọ bí òru aṣálẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń tutù tó fún ẹni tó sùn nínú ọkọ̀.