Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí iṣẹ́ ọnà tí mo yàn yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, pàápàá ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ń fi àwòrán jẹun. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, ọmọ ọdún 24 ni mí, mo parí ND iṣẹ́ ọnà lọ́dún tó kọjá, ó sì wù mí kí n lọ ṣe HND ní Yábàtẹ́ẹ̀kì àmọ́ dádì mi ní ó ti tó, kí n lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà, pé ta ló máa fẹ́ obìnrin tọ́wọ́ ẹ̀ ń rùn pẹ́ńtì. Ó dùn mí gan-an, torí àwọn náà ni wọ́n ra pẹ́ńsù aláwọ̀ àkọ́kọ́ fún mi.

Lẹ́yìn Ojúde Ọba, mo ya ẹṣin kan, ṣaworo ọrùn ẹ̀ ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, oníbàárà kan wá ní ₦15,000 lòun máa san, ó ní ṣebí mo kàn ń fi ṣeré ni. Mi ò rò pé ó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin.

Àǹtí Peju Alatise, iṣẹ́ yíya plánù ilé ni wọ́n kọ́ ní LAUTECH Ògbómọ̀ṣọ́, síbẹ̀ iṣẹ́ ọnà wọn dé ibi àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Venice, nílẹ̀ Ítálì, lọ́dún 2017. Mama Nike Okundaye náà, inú ilé ni wọ́n ti kọ́ àdìrẹ. Ìyẹn ló ń dà mí láàmú, ṣé kí n du HND yìí ni àbí kí n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnìkan, kí n fowó síkúù ra kánfáàsì? Báwo lẹ ṣe ń dá iye lé iṣẹ́ yín? Kí lẹ sì sọ fún bàbá yín tí wọ́n fi gbà?