Ìwé inú àtòjọ International Booker tó dé ọ̀dọ̀ mi: ẹ wá sọ tiyín

Ará Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òǹkàwé ẹgbẹ́ mi. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti gbé orúkọ ìwé mẹ́tàlá jáde fún ẹ̀bùn International Booker, ariwo kan náà la máa ń pa: ta ló wọlé, ta ni wọn ò mú, ìwé wo ló yẹ kó wà níbẹ̀. Èmi náà máa ń bá wọn pa á. Lónìí, ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa gan-an nínú wọn ni mo fẹ́ kí á sọ: ibi tí ẹ ti kà á, ẹni tí ẹ kà á fún, ohun tó fi yín ṣe.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: láti 2016 ni wọ́n ti ń fún ìwé kan ṣoṣo lọ́dún, ìwé tí wọ́n fi èdè mìíràn kọ, tí wọ́n túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Bírítéènì tàbí ní Ireland. Owó rẹ̀ jẹ́ £50,000. Òǹkọ̀wé á mú ìdajì, atúmọ̀ á mú ìdajì. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú òfin wọn nìyẹn, nítorí lára ọ̀pọ̀ ìwé, orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ kì í sí lẹ́yìn ìwé rárá, ká má tíì wá sọ ti owó.

Tèmi ni Crooked Plow, ìwé Itamar Vieira Junior, ọmọ Salvador ní Bahia, ní Brazil. Potogí ló fi kọ ọ́, Johnny Lorenz ló túmọ̀ rẹ̀, ó sì wà lára mẹ́fà tí wọ́n ṣẹ́kù sí ní 2024. Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ti inú ìwé, ojú wọn kò sì ríran dáadáa mọ́. Ni mo bá ní kí n máa kà á fún wọn lálẹ́. Ojú mi á wà lára Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu mi á máa sọ Yorùbá.

Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì, Bibiana àti Belonísia, ló lọ tú àpótí ìyá àgbà wọn lábẹ́ ibùsùn. Wọ́n bá ọ̀bẹ kan níbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ wé, ó ń dán yinrin. Wọ́n tì í bọ ẹnu. Kí á tó ṣẹ́jú pẹ́, ọ̀kan nínú wọn ti gé ahọ́n ara rẹ̀ já. Òǹkọ̀wé kò sì sọ èwo ni, ó di iwájú dáadáa. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. "Èwo nínú wọn?" Mo ní kò tíì sọ. Wọ́n ní kí n yára ṣí iwájú wò, mo kọ̀. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn ló ń pè mí pé àkókò ti tó.

Síbẹ̀, ọ̀bẹ kọ́ ló mú ìyá mi jù. Orí oko ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Água Negra ni ẹbí yìí ń gbé. Ní 1888 ni òfin fòpin sí oko ẹrú ní Brazil, ìran àwọn ẹrú náà sì ni àwọn tó ń ro oko yìí. Ẹnikẹ́ni kì í san owó iṣẹ́ fún wọn. Àyè tí wọ́n fún wọn láti kọ́lé sí, òun ni owó iṣẹ́. Ilé ọ̀hún kò sì gbọdọ̀ jẹ́ bíríkì. Amọ̀ ni wọ́n gbà kí wọ́n fi kọ́ ọ, bí òjò bá wó o, kí wọ́n tún òmíràn mọ. Bí mo ti kà á débẹ̀, ìyá mi ní kí n dúró. "Kí ló dé tí wọn ò fẹ́ kí wọ́n lo bíríkì?" Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti dá ara wọn lóhùn: "Bí ilé bá pẹ́ níbẹ̀, onílé á fẹ́ di onílẹ̀." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní ìwọ̀fà gan-an sàn jù wọ́n lọ. Ìwọ̀fà, bí wọ́n bá ti san owó tí wọ́n torí rẹ̀ fi í ṣe ìwọ̀fà, ó ti bọ́. Àwọn wọ̀nyí, gbèsè wo ni wọ́n jẹ?

Mo ti ka ìwé náà tán lójú ara mi kí n tó kà á fún wọn. Mo ro pé ó yé mi. Ìbéèrè gbèsè yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Bàbá àwọn ọmọ náà, Zeca Chapéu Grande, oníṣègùn ni. Àwọn tí orí wọn dàrú máa ń wá gbé ilé rẹ̀ títí ara wọn á fi balẹ̀. Jarê ni wọ́n ń pe ẹ̀sìn tó ń ṣe. Mo fẹ́ kí á rọra níbí o, nítorí mo ti rí àwọn tó ń sọ pé tiwa ni gbogbo rẹ̀. Jarê kì í ṣe Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti Salvador, níbi tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọrin òrìṣà títí di òní. Àgbègbè Chapada Diamantina ló ti wá: ti àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ wà nínú rẹ̀, ti ìjọ Àgùdà (Kátólíìkì) wà nínú rẹ̀, tiwa náà sì wà nínú rẹ̀. Ìyá mi kò tilẹ̀ bèèrè èyíkéyìí nínú èyí. Wọ́n kàn ní ọkùnrin náà jọ bàbá kan ládùúgbò wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí wọ́n máa ń mú wèrè wá bá láti ìlú dé ìlú.

A parí ìwé náà, ohun kan sì wà lọ́kàn mi tí kò kúrò. Gbogbo Yorùbá tí mo fi kà á, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Ìwé tí ìyá arúgbó gbọ́ ní Mọ́kọ́lá tó yé wọn yékéyéké, tí wọ́n bá a jà, tí wọ́n bá a sunkún, kò sí ní Yorùbá. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ará Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ bá mi kí màmá.

Tèmi kò dùn-ún gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Small Boat ni, ti Vincent Delecroix, tí Helen Stevenson túmọ̀ láti inú Faransé. Ó wà nínú àtòjọ 2025. Iṣẹ́ gbígbé fóònù lóru ni mò ń ṣe. Àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé ló máa ń pè wá: ọ̀kan ti ṣubú, ọ̀kan ò rí oògùn rẹ̀, ọ̀kan kàn fẹ́ gbọ́ ohùn èèyàn ni.

Ní oṣù kọkànlá 2021, ọkọ̀ rọ́bà kan rì sínú òkun tó wà láàárín Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kéré tán, èèyàn 27 bá a lọ. Wọ́n pe àwọn tó ń gba èèyàn là lójú òkun títí, àwọn ará Faransé ń sọ fún wọn pé inú omi Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà. Obìnrin kan tó gbé ìpè yẹn ni òǹkọ̀wé fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, àròsọ ni obìnrin náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó sì kọ̀ láti dá ru ẹ̀bi: kí ló dé tí ẹ̀bi òun fi máa ju ti òkun lọ, ju ti ogun tó lé wọn kúrò nílé lọ?

Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kà á bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láàárọ̀. Ó wù mí kí n kórìíra obìnrin yìí, kò ṣeé ṣe tán. Mo mọ bí etí ṣe ń kú lẹ́yìn aago mẹ́ta òru. Mo mọ ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ tí èèyàn fi ń dáni lóhùn nígbà tí ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo kà á tán, bàbá kan pè, ó ní kí n sọ aago tó lù fún òun. Mo sọ ọ́. Mi ò gbé fóònù kalẹ̀. Mo bi í pé kí ló jẹ lálẹ́, a sì sọ̀rọ̀ títí ìpè mìíràn fi wọlé.

Àwọn Kurd láti Iraq ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kú yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹni tó gba ọ̀nà Libya nínú ìdílé yín, ẹ má fi ìwé yìí sílẹ̀ láìkà.

Ará Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa tí a wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin, ní ìhà Faransé, máa ń ka díẹ̀ nínú àwọn ìwé yìí ṣáájú yín. Frère d'âme, ìwé David Diop tí ẹ̀yin mọ̀ sí At Night All Blood Is Black, 2018 ló jáde ní èdè Faransé. Ní 2021 ló gba ẹ̀bùn náà, òun àti Anna Moschovakis tó túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ Senegal kan tí Faransé mú lọ sí ogun 1914 sí 1918 ló ń sọ̀tàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ju ọmọ ìyá lọ ń jẹ̀rora ikú, ó bẹ̀ ẹ́ léraléra pé kó bá òun parí rẹ̀, ó kọ̀. Kíkọ̀ yẹn ló yí orí rẹ̀.

Ìdílé ìyá mi, Ọ̀họ̀rí ni wọ́n, ní apá Pobè. Ìgbà ogun yẹn kan náà ni àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí Faransé, kíkó ọmọkùnrin lọ sójú ogun sì wà lára ohun tó fà á. Ní ilẹ̀ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ni kò bá wọn jà, wọ́n di ẹrù lóru, wọ́n sọdá sí ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Ìmẹ̀kọ, ẹ bi àwọn àgbà léèrè.

Nítorí náà, bí mo ṣe ń kà nípa ẹni tó lọ, àwọn tó sá ni mò ń rò. Ọkùnrin inú ìwé yìí lọ, ó sì di ẹni tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ń bẹ̀rù. Ìwé ìtàn àròsọ lórí àwọn tiwa tó sá lọ, mi ò tíì rí i kà, ní Faransé tàbí ní Yorùbá.

Tíṣà, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Yorùbá ni mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí The Perfect Nine, ìwé olóògbé Ngũgĩ wa Thiong'o, wọ àtòjọ ní 2021, mo kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára pátákó. Gikuyu, èdè kan ní Kenya, ló fi kọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló túmọ̀ rẹ̀. Kò sí ìwé tí wọ́n fi èdè ìbílẹ̀ Áfíríkà kọ tó wọ ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ti jẹ́ òǹkọ̀wé àti atúmọ̀ ìwé kan náà níbẹ̀ rí.

Ọmọbìnrin kan nawọ́ látẹ̀yìn: "Sà, tiwa ńkọ́?"

Mo sọ ti Fágúnwà fún un, pé Ògbójú Ọdẹ jáde ní 1938, Ṣóyínká sì túmọ̀ rẹ̀ ní 1968. Ó ní, "Sà, èyí tí àwọn èèyàn ń kọ báyìí ni mò ń bèèrè." Ẹnu mi wọhò. Láti 2016 títí dé 2025, ìwé Yorùbá kan kò sí nínú àtòjọ yẹn. Hindi, èdè India, gba ẹ̀bùn náà ní 2022, èdè Bulgaria ní 2023, Kannada, èdè India mìíràn, ní 2025. Àwọn tó ń sọ èdè Bulgaria kò tó ìdajì àwa. Àwọn òǹkọ̀wé wa kò sì dákẹ́, wọ́n ń kọ̀wé. Ilé ìwé nìkan ló ń rà á. Bí ìwé ìdánwò bá ti yí padà, ó di inú páálí.

Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ojú ewé kan nínú ìwé tí à ń kà ní kíláàsì, kó sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí ọmọbìnrin yẹn ṣe ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìmọ̀ èdè ló ń kà ní yunifásítì báyìí.

Ará Peckham

Tíṣà, ẹ má bínú sí mi. Kí ló kàn wá kan London? Mo wà níbí, mo mọ̀ pé wọn ò sùn mọ́ ọ̀rọ̀ tiwa. Ṣé dìgbà tí àwọn mélòó kan bá jókòó, tí wọ́n ní ìwé wa dára, ni yóò tó dára ni?

Ará Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Àbúrò, òótọ́ lo sọ, ìyìn wọn kọ́ ni mò ń wá. Ẹ jẹ́ kí á wo Heart Lamp tó gbà á ní 2025. Agbẹjọ́rò ni Banu Mushtaq. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fi Kannada kọ ìtàn kéékèèké nípa àwọn obìnrin Mùsùlùmí ní Karnataka. Àwọn ará ilé rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ìta ò mọ̀ ọ́n. Deepa Bhasthi ló jókòó, tó ṣa 12 nínú wọn, tó túmọ̀ wọn. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́, And Other Stories, ilé ìtẹ̀wé kékeré ni wọ́n, Sheffield ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà, kì í ṣe London. Tilted Axis tó tẹ Tomb of Sand, ti Hindi, kékeré ni àwọn náà, Deborah Smith tó túmọ̀ ìwé Han Kang, ọmọ Korea, tó gbà á ní 2016 ló sì dá a sílẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹnì kan ló kọ́kọ́ jókòó ti iṣẹ́ náà kí owó tó wọ̀ ọ́. Ẹni yẹn ni a ò ní tó.

Kí á sì má gbàgbé pé ọ̀nà náà ní àlọ àti àbọ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá mú Aké, ìwé tí Ṣóyínká fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, wọ inú Yorùbá, ó sì dùn lẹ́nu bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́. Tí àwọn ìwé àtòjọ yìí bá wọ Yorùbá bẹ́ẹ̀, ìyá mi nìkan kọ́ ni yóò gbọ́ wọn.

Mo ti ń kọ orí àkọ́kọ́ Crooked Plow sílẹ̀ ní Yorùbá, mo sì ti kọ̀wé sí àwọn tó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti gbàṣẹ. Mi ò ní tẹ ìlà kan síta kí wọ́n tó fèsì.

Tíṣà, Abẹ́òkúta

Fi orí àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kí n bá ọ wo àmì ohùn rẹ̀. Inú Gẹ̀ẹ́sì lo ti ń bọ̀, Potogí ni wọ́n sì fi kọ ọ́, nítorí náà a nílò ẹni tí yóò gbé tìrẹ ka ẹ̀gbẹ́ Potogí náà. Ṣé ó wà nínú yín, ẹ̀yin Àgùdà Èkó àti ti Àjàṣẹ́, tàbí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Brazil?

Ará Àjàṣẹ́

Ó wà, sà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kàwé ní Salvador. Mo ń pè é báyìí.