Ọjọ́ tí mo lọ mú ọmọ mi bọ̀ láti Bídà

Àwọn tó lọ síbi iṣẹ́ míṣọ́n ló sábà máa ń sọ ìtàn. Èmi ò lọ síbì kankan. Ìyá ẹni tó lọ ni mí.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ni mí, Yàgbà pọ́ńbélé, inú ìjọ ECWA (Evangelical Church Winning All) ni wọ́n bí mi sí. Kúbwà l'Ábújà là ń gbé láti 2003. Àkọ́bí mi ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní ilé-iṣẹ́ kan ní Wúsè. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, a jẹun tán, ó ní, "Màámi, mo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Abúlé Núpé kan lẹ́yìn Bídà ni Ọlọ́run ní kí n lọ." Mo bi í pé ta ló máa sanwó ilé-ìwé àwọn àbúrò rẹ̀. Ó dákẹ́. Bàbá wọn ti kú, òun la gbójú lé. Èyí tó tẹ̀ lé e fi ilé-ìwé sílẹ̀ fọ́dún kan gbáko nítorí ìgbọràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa sọ ìyẹn náà.

Ó lọ. Lóṣù karùn-ún, wọ́n fi fóònù ẹlòmíràn pè mí pé ibà ti dá a dùbúlẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo fi wà ní gáréèjì Zuba. Mo ti pinnu: mo fẹ́ lọ mú ọmọ mi bọ̀ ni. A gba Lambata, a gba Lapai, a gba Agaie, ọkọ̀ ń gbé wa sọ sókè sódò.

Bí a ṣe wọ Bídà ni Thomas Kent sọ sí mi lọ́kàn, ọ̀kan nínú àwọn míṣọ́nárì mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó bí ìjọ wa. Ìtàn tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà ni. Òun, Walter Gowans àti Rowland Bingham gúnlẹ̀ sí Èkó ní December 1893, wọ́n ń wá ọ̀nà dé Sudan, bí wọ́n ṣe ń pe ìhà ibí nígbà náà. Bingham dúró l'Ékòó kó lè máa fi nǹkan ránṣẹ́ sí àwọn méjì yòókù. Kí 1894 tó parí, Gowans ti kú ní Girku, nítòsí Zaria. Kent kú ní Bídà yìí. Bingham nìkan ló padà sílé. Ó tún wá ní 1900, ibà tún lé e padà. 1902 ni wọ́n tó rí ẹsẹ̀ fìdí múlẹ̀ ní Pàtígi. Ní 1908, Titcombe, míṣọ́nárì wọn, dé ọ̀dọ̀ wa ní Yàgbà.

Orí ẹní ni mo bá ọmọ mi. Ẹyinjú rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ìyá Núpé kan ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí rẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi ò gbọ́ Núpé. Ó fọwọ́ lé àyà ara rẹ̀, ó nawọ́ sí ọmọ mi, ó wá nawọ́ sí mi. Ó yé mi: ọmọ àwa méjèèjì ni. Inú bí mi, n kò ní purọ́.

A gbé e lọ sí ọsibítù ní Bídà. Lọ́jọ́ kẹta tí ara rẹ̀ balẹ̀, mo ní kó jẹ́ ká máa lọ sílé. Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Abúlé ni mò ń padà sí."

Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mo sùn lóru ọjọ́ náà, ìyá Gowans ni mo sì ń rò. Bingham kó ìwọ̀nba ẹrù ọmọ náà lọ fún un ní Toronto. Ìyá yẹn ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí Walter kú ní Sudan lóun nìkan ju kó wà nílé kó máa ṣàìgbọràn sí Olúwa rẹ̀. Láti kékeré la ti ń ṣe àmín sí ọ̀rọ̀ yẹn. Bídà ni mo tó mọ̀ pé abiyamọ ló sọ ọ́, tí ẹrù ọmọ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Èmi ò lè sọ ọ́. Títí dòní, n kò tíì lè sọ ọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ò ju "Olúwa, tìrẹ ni" lọ, ẹkún ni mo sì fi sọ ọ́.

Nígbà tí mo dé Kúbwà, kóòtù méjì tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ ṣì wà lórí háńgà. Mo tà wọ́n, mo fowó rẹ̀ ra oògùn ibà àti àwọ̀n ẹ̀fọn méjì. Mo gbé wọn fún awakọ̀ Bídà ní Zuba. Ọ̀kan nínú àwọ̀n náà jẹ́ ti ọmọ mi, èkejì ni mo ní kó fún ìyá Núpé yẹn.