Wáìnì àti oúnjẹ ilé lọ́jọ́ mẹ́rin Àjíǹde: kí ló bára mu, kí ló bàjẹ́?

Aládùn Ọbẹ̀
Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Fúráìdè: fréjọ̀n àti ẹja díndín. Sátidé: ìrẹsì ọ̀fadà àti ayamáṣe. Sọ́ńdè: jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìyẹ. Mọ́ńdè: àsun ní Gálílì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé wáìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú àwo báyìí, èwo ló bára mu, èwo ló bàjẹ́, kí ló sì fà á? Ẹ má kàn wí pé "ó dùn" kẹ́ ẹ sá lọ o.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Fréjọ̀n ló máa kọ́kọ́ dójú ti wáìnì. Ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n tún fi wàrà àgbọn, ṣúgà àti kànnáfùrù díẹ̀ sè, oúnjẹ aládùn nìyẹn. Wáìnì tí kò ní ṣúgà bá kàn án, ńṣe ló máa kan lẹ́nu bí àgbálùmọ̀ tí kò pọ́n. Wáìnì gbọ́dọ̀ dùn tó oúnjẹ, tàbí kó dùn jù ú lọ. Moscato d'Asti, wáìnì funfun ilẹ̀ Ítálì, ṣe é: ọtí inú rẹ̀ kò ju bíi 5% lọ, ó ń hó díẹ̀, ó sì dùn. Tí kò bá sí, ẹ wá Riesling, wáìnì funfun ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n kọ Spätlese (àjàrà tí wọ́n pẹ́ ká) sí lára, àmọ́ ẹ ka ìwé ara ìgò náà dáadáa. Bí ẹ bá rí "trocken" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ dá a padà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wáìnì náà kò dùn.

Ẹ má gbé pupa sún mọ́ ẹja yẹn rárá. Irin tó wà nínú wáìnì pupa ló máa ń bá ọ̀rá ẹja jà, tí ẹnu yóò wá máa rí bíi pé èèyàn lá kọ́bọ̀.

Màmá Ìjọ
Ọjọ́ tí Olúwa kú lẹ fẹ́ máa tọ́ ọtí wò?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Màmá, ẹran ni ìjọ Kátólíìkì ní ká yẹra fún lọ́jọ́ náà, ìdí tí ẹja fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fréjọ̀n nìyẹn. Ọtí kò sí nínú òfin yẹn.

Màmá Ìjọ
Ààwẹ̀ náà wà nínú òfin. Ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn.

Àgùdà Pópó
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá fréjọ̀n jà. Àwọn tó ti Brazil padà wá ló gbé e bọ̀ wá sí Èkó. "Feijão", ẹ̀wà lásán ni lédè Potogí. Ẹni tó bá ń gbààwẹ̀, kó gbé ìgò rẹ̀ pa mọ́ di Sátidé.

Ata Rodo Kì Í Purọ́
Sátidé gan-an ni wàhálà wà. Gbogbo ènìyàn ló ń béèrè pé "ẹran wo?" Ata ni kẹ́ ẹ wò, ẹ fi ẹran sílẹ̀!

Ẹ wo ohun tó wà nínú ayamáṣe: ata rodo tútù, tàtàṣé aláwọ̀ ewé, epo tí wọ́n yọ́ títí àwọ̀ pupa rẹ̀ fi ṣí, irú tó tó irú, ṣàkì àti pọ̀nmọ́. Wáìnì pupa tó le, bíi Cabernet Sauvignon, ní tánìn, ohun tó ń fa ẹnu pọ̀ bí ìgbà téèyàn bá jẹ obì. Tánìn pàdé ata, ata ń ta, ẹnu ń gbẹ. Irú ọ̀hún tún ń mú kí ìkorò wáìnì náà hàn síta. Bí ọtí inú rẹ̀ bá tún ti ju 14% lọ, iná lẹ dá sí ọ̀fun yín yẹn.

Èyí tó ń pa ata: ọtí tí kò ju 11% tàbí 12% lọ, ṣúgà díẹ̀, kó sì tutù dáadáa, 8 sí 10 °C. Riesling Kabinett (irú rẹ̀ tó fúyẹ́) láti Mosel ní Jámánì sábà máa ń ní ọtí bíi 8% sí 9%, kò sí èyí tó mọ ata í bá lò tó o. Chenin Blanc, wáìnì funfun Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n kọ "off-dry" (ó dùn díẹ̀) sí náà dára, ó sì rọrùn láti rí níbí.

Bàbá Ìjẹ̀bú
Ẹmu ńkọ́? Àbí òyìnbó ló bí ọ̀fun yín ni?

Ṣadé K
😂😂 Bàbá ti dé.

Ìdí Ọ̀pẹ
Bàbá ò purọ́. Gbogbo ohun tí Ata Rodo kà sílẹ̀ yẹn ló wà lára ẹmu òwúrọ̀: ó dùn, ó ń hó, ọtí rẹ̀ kò pọ̀. Àkókò nìkan ni ọ̀tá rẹ̀. Bó ṣe ń kán sínú agbè ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ọtí rẹ̀ lè dé bíi 4% láàárín wákàtí díẹ̀, ṣúgà rẹ̀ ń tán lọ bẹ́ẹ̀. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan. Tó bá sùn mọ́jú tán, ó ti ń sún mọ́ ọtí kíkan. Torí náà, ti òwúrọ̀ fún ayamáṣe, ti ọ̀sán fún àsun. Fíríìjì kàn ń fà á sẹ́yìn ni, kò dá a dúró. Ẹ má sì dé ìdérí kẹ́ẹ̀gì pa, yóò bú.

Èyí tí wọ́n bu omi lù máa ń ṣàn wọ́ọ́wọ́ọ́, ìfófòó rẹ̀ kì í pẹ́. Bí adùn rẹ̀ bá dúró sẹ́yìn ahọ́n tó wá di kíkorò, wọ́n ti fi ṣúgà ayédèrú sí i.

Bàbá Ìjẹ̀bú
Ọmọ dáadáa. Ògùrọ̀ ńkọ́?

Ìdí Ọ̀pẹ
Òfin kan náà ni, Bàbá.

Tọ́pẹ́ Lọ́ndọ̀n
Ẹ padà sí jọ̀lọ́ọ̀fù jàre. Tòmátì máa ń kan lẹ́nu, wáìnì náà gbọ́dọ̀ kan tó o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tẹ́ lẹ́nu bí omi. Barbera, wáìnì pupa ti Ítálì, ṣe é, tánìn rẹ̀ kéré. Bí ata ò bá pọ̀, èyí tó ń hó ló dára jù, torí ó ń fọ òróró kúrò lẹ́nu. Cap Classique ti Gúúsù Áfíríkà, inú ìgò ni wọ́n ti ń jẹ́ kó hó, bíi ti Champagne.

Ṣadé K
Èmi, nínú èyí tó ń hó, "Extra Dry" ("tó gbẹ gan-an") ni mo máa ń mú, torí mi ò fẹ́ ṣúgà.

Tọ́pẹ́ Lọ́ndọ̀n
Ṣadé, wọ́n ti tà ọ́ lọ́pọ̀! Extra Dry dùn ju èyí tí wọ́n kọ Brut sí lọ: 12 sí 17 gíráàmù ṣúgà nínú lítà kan. Brut kò tó 12. Bí o kò bá fẹ́ ṣúgà, Brut Nature, èyí tí wọn kò fi ṣúgà kún, ni kí o wá.

Ṣadé K
Ha. Ta ló ń kọ irú èyí sára ìgò?

Kúlà
Kò sí èyí tí ẹ sọ tó máa ṣiṣẹ́ tí wáìnì bá gbóná. Wọ́n á ní kí pupa wà "bí yàrá ṣe rí". Yàrá ta ni? Yàrá Ìbàdàn nígbà tí iná bá lọ, 30 °C ni! Ọtí nìkan ni ẹ óò máa gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ fi pupa sí fíríìjì fún ìṣẹ́jú 30 sí 40. Funfun, ẹ gbé e jáde ní bíi ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ tó dà á, torí bó bá tutù jù, adùn rẹ̀ kò ní hàn.

Bí iná bá ti lọ: kúlà, yìnyín, OMI, iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ méjì. Yìnyín nìkan máa ń fi àlàfo sílẹ̀ yí ìgò ká. Omi ló ń dé ibi gbogbo, iyọ̀ ló ń jẹ́ kó tutù sí i. Ìṣẹ́jú 15 sí 20, ó ti tán. Ẹ má gbàgbé ìgò sínú fírísà, bó bá dì, á wú, á ti kọ́ọ̀kì jáde tàbí kó fọ́.

Lọ́jà pẹ̀lú, ìgò tó dúró sójú oòrùn, ẹ fojú fò ó. Bí kọ́ọ̀kì bá ti yọ díẹ̀, tí ọrùn ìgò sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, oòrùn ti sè é.

Bàbá Ìjẹ̀bú
Ẹ kúkú sọ yìnyín sínú ife.

Kúlà
Àsun wà níbẹ̀, Bàbá, mi ò ní bá yín jà. Yìnyín náà kàn máa yọ́, á sì di omi mọ́ wáìnì náà ni. Àmọ́ fún àsun, Gamay (Beaujolais), wáìnì pupa fífúyẹ́ ilẹ̀ Faransé, kí ẹ mú un tutù dé 12 tàbí 13 °C. Tánìn rẹ̀ kéré, iyọ̀ ara ẹran sì máa ń rọ ìwọ̀nba tó kù.

Ìyàwó Tuntun
Èyí tí wọ́n ń pín níbi ìgbéyàwó ńkọ́, wáìnì kọ́ nìyẹn?

Ata Rodo Kì Í Purọ́
Oje èso tí wọ́n ti gáàsì sí ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Kò sí ọtí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn, ó sì ń hó, òun náà ń pa ata. Ẹni tí kò mutí, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ayamáṣe láìtijú.

Aládùn Ọbẹ̀
Ẹ ṣeun o. Ìgò 750 ml, bíi ènìyàn mélòó? Bó bá sì ṣẹ́ kù ńkọ́?

Tọ́pẹ́ Lọ́ndọ̀n
Ẹ bu 75 ml fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti tọ́ wò, ènìyàn 10 ni. Tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dé e, kó wọ fíríìjì, pupa náà pẹ̀lú: ọjọ́ 3 sí 5. Èyí tó ń hó kì í ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ.

Màmá Ìjọ
Ṣé kì í ṣe ṣíbí ni wọ́n ń kì bọ ẹnu ìgò kí híhó rẹ̀ má baà tán?

Kúlà
Fíríìjì ló ń ṣiṣẹ́, Màmá. Ṣíbí kàn ń bá a jókòó ni.