Ọmọ 400 ní àdúgbò 20: ṣé ó tó fún ìwádìí abẹ́rẹ́ àjẹsára?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlera:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìwádìí másítà mi dá lórí iye àwọn ọmọ oṣù 12 sí 23 tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn pé n'Ìbàdàn. Fọ́múlà Yamane, tí wọ́n fi ń ṣírò iye èèyàn tí ìwádìí nílò, ni mo lò pẹ̀lú àṣìṣe 5%, ó gbé 400 jáde. Mo fẹ́ mú àdúgbò 20, kí n wo ọmọ 20 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan wò ó, ó ní kò tó, pé kí n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì? Tí mo bá sì dé àdúgbò, báwo ni mo ṣe máa mú ilé? Mo kà á pé wọ́n máa ń yí ìgò nílẹ̀, ibi tí ẹnu rẹ̀ bá kọjú sí ni wọ́n ń gbà.

Oníṣirò:
Ẹni yẹn ò parọ́, àmọ́ méjì tó sọ kì í ṣe tiyín.

Yamane gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹ ní orúkọ gbogbo ọmọ Ìbàdàn lọ́wọ́, ẹ sì ń fa wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kọ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ àdúgbò kan jọra: ilé ìwòsàn alábọ́dé kan náà ni àwọn ìyá wọn ń gbé wọn lọ, ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ bá sì tán níbẹ̀, gbogbo wọn ló pàdánù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo ọmọ méje níbẹ̀, ìkẹjọ ò ní ohun tuntun púpọ̀ láti fi kún un.

ICC ni a fi ń wọn ìjọra yìí. Design effect, ìyẹn ìlọ́po tí ìjọra náà ń mú kí iye ọmọ tí ẹ nílò fi pọ̀ sí i, = 1 + (m − 1) × ICC; m ni iye ọmọ tí ẹ mú ní àdúgbò kan. Inú ìwádìí EPI (ètò àjẹsára) àtijọ́ ti WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ni méjì yẹn ti wá: àdúgbò 30, ọmọ 7 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí m bá jẹ́ 7, tí design effect jẹ́ 2, a jẹ́ pé ICC jẹ́ 1/6. Ẹ wá gbé 1/6 yẹn sórí ọmọ 20: 1 + 19/6 = 4.17. Ẹ pín 400 sí 4.17, ẹ ó rí 96. Ọmọ 400 tí ẹ máa rìn kiri wá, iṣẹ́ ọmọ 96 ni wọ́n máa ṣe, èsì yín sì lè fi nǹkan bí 10% yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, kì í ṣe 5% tí ẹ ń rò.

Àdúgbò ni kí ẹ fi kún, kì í ṣe ọmọ. Tí ẹ bá lè fara mọ́ àṣìṣe 7% (1.96 dúró fún ìdánilójú 95%, 0.5 fún ìdajì tí a rò pé ó gbà á): 1.96² × 0.5 × 0.5 ÷ 0.07² = 196. Ìlọ́po méjì rẹ̀, nítorí design effect ti ọmọ 7, jẹ́ 392. Ẹ pín in sí 0.9 nítorí àwọn tí kò ní dáhùn, ó di 436. Àdúgbò 63, ọmọ 7 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 441. Iye ọmọ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín, owó ọkọ̀ ló máa pọ̀. Pípín ni o! Tí ẹ bá kàn fi 10% kún 392, ó di 431. Bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún wọn bá sì kọ̀, 388 ló kù, kò pé mọ́.

Ìyá_Olùwádìí:
Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí ẹlòmíràn má gbé 1/6 lọ síbi gbogbo. Fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ICC sábà máa ń kéré ju ìyẹn lọ dáadáa. Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń ga.

Ní ti ìgò, ẹ fi sílẹ̀. Àárín àdúgbò ni wọ́n ti ń yí i, nítorí náà ilé tó wà nítòsí ibẹ̀ ló máa ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́ jù. Bí ẹnu ìgò bá sì kọjú sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀, ẹni tó yí i lè tún un yí, ta ló máa mọ̀?

Ẹ to àwọn àdúgbò pẹ̀lú iye èèyàn wọn, kí ẹ máa ro ó pọ̀ bí ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ká ní àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 126,000, pín in sí 63, ó di 2,000. Ẹ fa nọ́ńbà kan láàárín 1 sí 2,000, ká ní 1,340. Ẹ wá máa fi 2,000 kún un: 3,340, 5,340, títí dé òpin. Àdúgbò tí nọ́ńbà náà bá bọ́ sí ni ẹ mú. Bí àdúgbò ńlá kan bá jáde lẹ́ẹ̀mejì, ẹ mú ọmọ 14 níbẹ̀, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀. Ètò ìkànìyàn 2006 ti gbó, torí náà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ kọ gbogbo ọmọ oṣù 12 sí 23 sílẹ̀ kí ẹ tó fa méje. Iye tí ẹ kọ yẹn ni ẹ máa fi ṣe weight, ìyẹn iye ọmọ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ mú dúró fún.

Inú agboolé Ìbàdàn, ilẹ̀kùn kan kì í ṣe ìdílé kan. Àwọn tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà ni ìdílé. Bí ìyá ò bá sí nílé, ẹ padà lọ nírọ̀lẹ́, kí ẹ tún padà lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ má bọ́ sí ilé kejì: àwọn tí wọ́n wà lọ́jà látàárọ̀ lè yàtọ̀ gan-an sí àwọn tó ń jókòó sílé.

Dátà_Ò_Purọ́:
Káàdì àti ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá, ẹ ya ìlà wọn sọ́tọ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Ẹ ya fọ́tò káàdì tí ìyá bá gbà. Abẹ́rẹ́ èéyí kejì, oṣù 15 ni wọ́n ń gbà á, nítorí náà ọmọ oṣù 13 tí kò tíì gbà á ò jẹ gbèsè. Ẹ má kà á mọ́ àwọn tí kò gbà pé.

Tí ẹ bá dé orí R, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, svydesign(ids = ~adugbo, weights = ~wt, data = d) ni ẹ máa fi sọ fún un pé àdúgbò ni ẹ mú; ní Stata, ètò mìíràn bíi rẹ̀, svyset ni. Chi-square lásán, ìdánwò ìyàtọ̀ tí kò mọ̀ nípa àdúgbò, á fún yín ní p-value tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ìyàtọ̀ tó lè jẹ́ èèṣì á wá dà bí òótọ́.

Odds ratio náà (iye tó gbà ÷ iye tí kò gbà níbì kan, tí a pín sí ti ibòmíràn), ẹ ṣọ́ra. Bí 70% bá gbà á níhìn-ín, tí 50% sì gbà á lọ́hùn-ún, ìlọ́po 1.4 ni, àmọ́ odds ratio á ní 2.33. Ẹ lo regression Poisson pẹ̀lú robust standard error, ìlọ́po 1.4 yẹn gan-an ló máa fún yín.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlera:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Bí àdúgbò kan ò bá wá ní ọmọ méje ńkọ́?

Ìyá_Olùwádìí:
Ó máa ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ ọjọ́ orí yẹn kò ju bí 3% àwọn èèyàn àdúgbò lọ, nítorí náà ibi tí èèyàn ò bá tó 300, ẹ so ó mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó fa nọ́ńbà ni kí ẹ ti ṣe é o. Bí ó bá ṣì dín lẹ́yìn ìyẹn, iye tí ẹ bá rí ni kí ẹ mú, ẹ má sọdá títì lọ wá àfikún.