Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: íàpíìsì wo ni yóò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí gángan ń sọ?

Ọmọ Ìgbógbo

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìgbógbo, lápá Ìkòròdú níbí, ni mo ń gbé. Mo fẹ́ ra íàpíìsì tuntun. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń kà nípa rẹ̀, orí mi sì ti kún. Ẹ bá mi dá sí i.

Ohun tó fà á nìyí. Nígbà tí bàbá mi ṣílé ní 1988, wọ́n pe àwọn alápàlà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì gba eré náà sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ọdún tó kọjá ni mo tó rí ẹni bá mi gbé e sínú kọ̀ǹpútà, FLAC, irú fáìlì orin tí kì í dín ohùn kù, ló sì fi kó o fún mi. Bàbá ti di ẹni àná. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí olórin dákẹ́, tí onígángan wá dojú kọ bàbá mi, tó ń bá a sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ń hó, obìnrin kan ń ké "Hẹ̀ẹ́n! Hẹ̀ẹ́n!" Mo mọ̀ pé ìlù ń kì í ni, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohun tó ń wí.

KZ ZSN Pro X ni mò ń lò. Agídígbo á máa dún gbìì, gbìì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa ta mí létí, gángan tó wà láàárín wọn á wá dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí wọ́n tì pa.

Owó ọwọ́ mi kò ju ₦55,000 lọ. Méjì ló wà lójú mi: Moondrop Chu II àti 7Hz x Crinacle Zero:2. Èkíní tó nǹkan bíi dọ́là 20, èkejì tó nǹkan bíi dọ́là 25, kí oníṣòwò wa tó fi tirẹ̀ lé e. Ẹnì kan tún ní kí n wá owó kún un, kí n ra Truthear Zero:RED. Mò ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò lọ sí Marina ní àràárọ̀, ẹ́ńjìnnì ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Fóònù mi kò ní ihò íàpíìsì. Etí òsì mi kéré díẹ̀, ti òsì sì máa ń yọ ṣáá. Ẹ ṣé o.

Oníná Sábó

Àbúrò, kò sí ohun tó bà jẹ́ lára KZ yẹn. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Wọ́n gbé ìsàlẹ̀ (báàsì) sókè, wọ́n gbé òkè (ohùn tín-ín-rín) sókè, àárín wá rì. Tí wọ́n bá ya ohùn rẹ̀ sórí ìwé, ó máa ń rí bíi lẹ́tà V. Ó dùn gan-an nínú orin òde òní tó jẹ́ pé ìlù kọ̀ǹpútà ló ń gbé e. Ṣùgbọ́n ohùn èèyàn àti ohùn tí gángan fi ń sọ̀rọ̀, àárín yẹn ni wọ́n ń gbé.

Kó o tó ná kọ́bọ̀, gbé Wavelet, áàpù tí a fi ń tún ohùn tò, sórí Android rẹ. Fa báàsì, ìyẹn ohun tó wà láti 60 dé 250 Hz, wálẹ̀ díẹ̀, bíi désíbẹ́ẹ̀lì 4 tàbí 5, kó o tún padà gbọ́ ibi tí ìlù ti ń sọ̀rọ̀ yẹn. Bó bá yàtọ̀, wàá ti mọ ohun tó ò ń wá kó o tó dé ìsọ̀.

Ọmọ Odogunyàn

Ra èyí tí kò ní wáyà, tó ní ANC (ẹ̀rọ inú íàpíìsì tó ń pa ariwo ìta), jàre. Ọkọ̀ ojú omi yẹn ni èmi náà ń wọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni, irú ariwo ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ANC mọ̀ ọ́n pa. Rọ́bà ẹnu íàpíìsì lásán kò lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Oníná Sábó

Òótọ́ lo sọ nípa ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, pẹ̀lú owó tó dárúkọ yẹn, ANC ló máa jẹ owó náà tán, ohùn á wá gba ìyókù. Bátìrì ńkọ́? Ọjọ́ tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ bá kú, ó di kó o ra òmíràn. Wáyà Chu II àti ti Zero:2 ń yọ, pin méjì oní 0.78 mm ni wọ́n. Chu àkọ́kọ́ ni wáyà tirẹ̀ kì í yọ, nítorí náà kí ó wò ó dáadáa kí wọ́n má lọ ta ti àtijọ́ fún un.

Àgbà Ìtamága

Ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ohun tó fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni gbogbo yín fò dá. Ó ní ti òsì máa ń yọ.

Ọmọ mi, íàpíìsì tí kò bá di etí, báàsì ló kọ́kọ́ ń sá jáde níbẹ̀. Tí ti òsì bá ń jò, òsì á fẹ́lẹ́, ìwọ á sì gbé ohùn sókè kí òsì lè tó. Ọ̀tún tó di etí dáadáa á wá bú jáde, báàsì rẹ̀ á gorí gángan. O wá rò pé KZ nìkan ló ń dà ọ́ láàmú. KZ ní ẹ̀bi tirẹ̀, n kò yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó o bá ra mìíràn tó o tún wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ibi tó o wà náà lo máa wà.

Inú páálí íàpíìsì rẹ, rọ́bà tó wà níbẹ̀ kò ní jẹ́ ẹyọ méjì péré. Fi èyí tó kéré jù sí òsì, fi alábọ́ọ́dé sí ọ̀tún. Kò sí ẹni tó ní dandan ni kí méjèèjì dọ́gba. Yanu díẹ̀. Mú ọwọ́ ọ̀tún gba ẹ̀yìn orí, fi fa etí òsì sókè sẹ́yìn, kó o fi ọwọ́ òsì yí íàpíìsì náà wọlé bí ẹni yí ìdérí ìgò. Jẹ́ kí etí padà wálẹ̀, kó o pa ẹnu dé. Wá sọ̀rọ̀. Bí ohùn ara rẹ bá ń dún nínú orí rẹ bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò, ó ti di. Bí ohùn rẹ bá ṣì dún bó ṣe ń dún lójoojúmọ́, kò tíì di, tún un ṣe. Ti fóòmù tún dára ju rọ́bà lọ fún etí kékeré: fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́, tì í bọlé, kó o dì í mú níbẹ̀ bí ìdajì ìṣẹ́jú kó lè wú padà. Kò ní pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó ANC, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn èrò á rọlẹ̀ púpọ̀.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye driver, ohun kékeré inú íàpíìsì tó ń mú ohùn jáde, tàn ọ́. Ní 1991, Etymotic gbé ER-4 jáde. Driver kan péré ló wà ní etí kọ̀ọ̀kan, balanced armature ni, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn àwọn tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa. Ó ń wọnú etí lọ jìnnà, ó ń dí i pa. Títí di òní, àwọn tó mọ ohùn ṣì ń bọ̀wọ̀ fún un. KZ tìrẹ ní driver méjì ní etí kọ̀ọ̀kan. Chu II àti Zero:2 ní ẹyọ kan, 10 mm. Bí wọ́n ṣe tò ó ló ń sọ̀rọ̀.

Ó wá ku kí a yàn. Mo ti gbọ́ méjèèjì. Chu II, irin ni ara rẹ̀, ó mọ́ lóhùn, ó máa ń gbé òkè jáde kedere. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n fún ọ, nítorí kásẹ́ẹ̀tì 1988 ló wà lọ́wọ́ rẹ, ariwo ṣíì-ṣíì téèpù yóò máa gún ọ létí. Zero:2 fúyẹ́, òkè rẹ̀ rọ̀, báàsì rẹ̀ ju ti Chu II lọ ṣùgbọ́n kò bo àárín bíi ti KZ. Òun ni mo fọwọ́ sí. Zero:RED dára o, ṣùgbọ́n ẹnu tó ń wọ etí lára rẹ̀ sanra. Pẹ̀lú etí òsì tó kéré, má dán an wò.

Ọmọ Ìgbógbo

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀mí yín á gùn. Rọ́bà kan náà ni mo fi sí méjèèjì láti ọjọ́ tí mo ti rà á, n kò mọ̀ pé wọ́n lè yàtọ̀. Mo gbé Wavelet síbẹ̀ lálẹ́ àná. Gángan jáde díẹ̀, àmọ́ òsì ṣì fẹ́lẹ́. Dongle, wáyà kékeré tí wọ́n fi ń so íàpíìsì mọ́ fóònù tí kò ní ihò, ńkọ́? Wọ́n ní kí n ra ti Apple.

Oníná Sábó

Ohùn rẹ̀ mọ́, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ Android, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè tó. Mú fóònù rẹ dání, kó o dán an wò níbẹ̀ kó o tó sanwó.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀dé

Ẹ má ra láìdán wò o. Ẹnì kan ta èyí tó ní òun kò tíì ṣí fún mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo tú u nílé, epo etí ẹlòmíràn wà lórí àwọ̀n rẹ̀. Mo pè é títí, kò gbé e. Bó bá jẹ́ tokunbọ̀ ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ ra rọ́bà tuntun, kẹ́ ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ wò.

Nọ́ọ̀sì Àgíríìkì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ẹni tó ń gbé ohùn sókè kó lè borí ẹ́ńjìnnì lójoojúmọ́ ń fi etí rẹ̀ tọrẹ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àgbàlagbà lè gbọ́ désíbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Tó bá di 90, wákàtí 4 péré ni, lọ́sẹ̀ kan náà. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn sí ọ̀rọ̀ dídí etí tí Bàbá sọ: etí tó bá dí, ohùn kékeré á tó o. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ yọ ọ́. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ kì í dúró de ẹni tí kò gbọ́ fèrè.

Ọmọ Odogunyàn

Èmi náà yí rọ́bà tèmi padà lónìí. Bàbá, ẹ ṣeun. ANC mi ò kúrò létí mi o.

Ọmọ Ìgbógbo

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo padà wá jábọ̀.

Zero:2 ni mo rà, ní Sábó, lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ kí n jókòó gbọ́ ọ kí n tó sanwó, àti dongle mìíràn tí kì í ṣe ti Apple, nítorí ti Apple kò gbóhùn sókè lórí fóònù mi lóòótọ́. Rọ́bà tó kéré jù ló wà ní òsì. Nínú ọkọ̀ ojú omi, mo ṣì ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n n kò gbé ohùn kọjá ìdajì mọ́.

Ó di alẹ́ ọjọ́ Àìkú kí n tó fi gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà. Gbogbo àdúgbò ti pa jẹnẹrétọ̀. Mo yanu, mo fa etí sókè, mo yí i wọlé bí Bàbá Ìtamága ṣe wí, mo sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ṣíì-ṣíì téèpù wà níbẹ̀, kò gún mi. Agídígbo wà nísàlẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́. Gángan wá bọ́ síta. Mo gbọ́ bí onílù ṣe ń fún awọ rẹ̀ tí ohùn ń gòkè, tó ń dẹ̀ ẹ́ tó ń wálẹ̀. Mo gbọ́ oríkì bàbá mi ketekete, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyókù, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ṣùgbọ́n n kò mọ ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo gbé e fún Màmá. Mo fi alábọ́ọ́dé sí etí wọn méjèèjì, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí n dá a padà. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n ń sọ ọ́ tẹ̀ lé ìlù, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, èmi sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe bàbá mi ni ìlù kọ́kọ́ kì. Ìyá bàbá mi ni ìlù kọ́kọ́ kì, nítorí wọ́n jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ni obìnrin tó ń ké "Hẹ̀ẹ́n!" yẹn.

Ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà, a kò tíì gbé e sínú kọ̀ǹpútà, téèpù rẹ̀ sì ti ká jọ níbì kan. Ta ló mọ ẹni tó lè tú u láìjá, nítòsí Ìkòròdú níbí?