Ilẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ lé ní àárín ìlú Buffalo

Àwọn èèyàn máa ń sọ nípa ìlú tí wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, tó wá yà wọ́n lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Iṣẹ́ táìsì, ìyẹn àwọn pẹlẹbẹ amọ̀ sísun tí a fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé, ni mò ń ṣe, ó ti lé lógún ọdún báyìí. Iṣẹ́ yìí ló gbé mi dé Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York, létí adágún Erie. A fẹ́ lọ tún ilẹ̀ tẹ́ ní ilé ìtura kan ni. Kí a tó gbéra ni ọ̀gá tó gba iṣẹ́ náà ti sọ fún wa pé ká má retí nǹkan kan níbẹ̀, pé ìlú náà ti kú. Mo gbà á gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú la wọ̀lú, Main Street sì dá páropáro. Rélùwéè wọn tó ń gba ojú títì kọjá, èèyàn mẹ́rin ni mo kà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹrù wa kò tíì dé, mo bá jáde lọ nasẹ̀. Ibi tí Church Street ti pàdé Pearl Street ni ẹsẹ̀ mi ti dúró. Ilé alájà mẹ́tàlá kan ló wà níbẹ̀, ó pupa bí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná jáde. Mo kọ́kọ́ rò pé òkúta ni. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé amọ̀ ni, amọ̀ sísun, tí wọ́n ṣe ewé, irúgbìn àti oríṣiríṣi ọnà sí lára, tí wọ́n fi bo egungun irin ilé náà láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí fèrèsé ti di róbótó lókè téńté. Guaranty Building ni orúkọ rẹ̀. Louis Sullivan àti Dankmar Adler ni wọ́n yàwòrán rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1896.

Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan amọ̀ rí á mọ ìdí tí mo fi pẹ́ níbẹ̀. Bí amọ̀ bá gbẹ, á sún kì. Bí ẹ bá gbé e sínú iná, á tún sún kì sí i. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ọ́n tóbi ju ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ sì ṣírò rẹ̀ débi pé bó bá jáde nínú iná, á bá èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àjà mẹ́tàlá, ewé tó bẹ̀rẹ̀ lára èyí sì ń parí lára ìkejì. Èmi tí mo máa ń bú ọmọ iṣẹ́ mi nítorí ìlà kan ṣoṣo tó wọ́! Wọ́n sọ fún mi pé iná jó ilé yìí ní 1974, àwọn kan sì fẹ́ wó o. Àwọn ará ìlú kò gbà, Sẹ́nétọ̀ Moynihan tó ń ṣojú ìpínlẹ̀ New York dá sí i, wọ́n sì tún un ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ọpẹ́ mi pọ̀ lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Láti ibẹ̀ kò jìnnà sí Ellicott Square. Ọdún 1896 kan náà ni wọ́n ṣí i. Ilé-iṣẹ́ Daniel Burnham ló yàwòrán rẹ̀, àjà mẹ́wàá ni. Nígbà yẹn, kò sí ilé ọ́fíìsì tó tóbi tó o ní gbogbo ayé. Bí ẹ bá wà níta, ẹ lè kọjá lára rẹ̀. Àgbàlá ńlá ló wà nínú rẹ̀, gíláàsì ni òrùlé rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mábù wẹ́wẹ́ tí wọ́n kó wá láti Ítálì, mílíọ̀nù mẹ́tàlélógún ẹyọ, tí wọ́n fi ya àmì oòrùn tí oríṣiríṣi ìran èèyàn ń lò káàkiri ayé. N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mo ń fi ìka tọ ojú ìlà láàárín wọn ni mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ṣé nǹkan rẹ bọ́ sílẹ̀ ni?"

Ẹ̀ṣọ́ ilé náà ni, àgbàlagbà adúláwọ̀ kan. Mo ní, "Rárá, sà. Iṣẹ́ ọwọ́ tèmi náà nìyí, ni mo ṣe ń wò ó."

Inú bàbá náà dùn. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tẹ̀ ẹ́ kọjá lójoojúmọ́ tí ojú wọn wà lára fóònù. Bàbá tirẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ irin Bethlehem ní Lackawanna, ní ìhà gúúsù ìlú, títí tí wọ́n fi ṣíwọ́ irin rírọ níbẹ̀ ní 1983. Ẹ̀ṣọ́ náà ló ní kí n gun Gbọ̀ngàn Ìlú, pé lífítì á gbé mi dé àjà kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kí n wá fẹsẹ̀ gun àkàsọ̀ ìyókù dé ìkejìdínlọ́gbọ̀n, ọ̀fẹ́ ni.

Mo lọ. Gbọ̀ngàn Ìlú yẹn fúnra rẹ̀ tó ìtàn lọ́tọ̀. Àjà méjìlélọ́gbọ̀n, wọ́n parí rẹ̀ ní 1931. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, atẹ́gùn adágún ni wọ́n ṣètò láti fi máa mú inú rẹ̀ tutù: ihò ńlá wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, á gba abẹ́ ilẹ̀ kí ó lè tutù, kó tó gòkè sínú ilé. Láti òkè mo rí adágún, mo rí ilẹ̀ Kánádà ní òdì kejì, mo rí bí àwọn títì ṣe tàn láti Niagara Square bí ìtànṣán oòrùn, gẹ́gẹ́ bí Joseph Ellicott, tó wọn ilẹ̀ ìlú náà, ti là á sílẹ̀ ní 1804. Mo rí àwọn àká ọkà ńláńlá létí odò. Ní ìlú yìí ni Joseph Dart ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ gbé ọkà láti inú ọkọ̀ sínú àká ní 1842. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti apá ibẹ̀, ẹ óò gbóòórùn Cheerios, oúnjẹ àárọ̀ tí wọ́n fi ọkà ṣe, tí wọ́n ń yan.

Ṣùgbọ́n mo tún rí àwọn àlàfo. Ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ́tùn-ún, ibi ìgbọ́kọ̀sí lósì, bí ẹnu tí eyín ti ká. Láti 1959, tí ọkọ̀ ojú omi ti rí ọ̀nà omi St. Lawrence gbà bọ́ sí òkun, wọn kò nílò àti dúró ní Buffalo mọ́. Èèyàn tó wà níbẹ̀ ní 1950 jẹ́ 580,000. Ní 2020 wọn kò tó ìdajì rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé òṣì ló ń wó ilé àtijọ́. N kò gbà mọ́. Ilé ọ́fíìsì Larkin tí Frank Lloyd Wright, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé, kọ́ sí Seneca Street ní 1906, ọdún 1950 gan-an ni wọ́n wó o, nígbà tí ìlú náà kún fọ́fọ́. Wọ́n ní ibùdó ọkọ̀ akẹ́rù làwọn fẹ́ kọ́ síbẹ̀, wọn kò sì kọ́ ọ. Mo wá a lọ. Òpó bíríkì kan ṣoṣo ló kù, èyí tó jẹ́ ti ọgbà rẹ̀. Mo dúró tì í, ó sì dùn mí bí ẹni pé èmi ni mo tò ó.

Lọ́jọ́ tí a máa kúrò ní Buffalo, mo mú ọmọ iṣẹ́ mi lọ sí Ellicott Square. Mo ní kó bá mi wá ibì kan tí ìlà kò ti bára mu. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí mábù, ó ń fà káàkiri. Bàbá ẹ̀ṣọ́ ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò ó, kò dá a dúró. A wà níbẹ̀ títí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná.